Ṣé àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ló ń kọ òfin fún wa ni?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsẹ́yìn. Bàbá mi gbin tábà fún ilé-iṣẹ́ títí ọjọ́ ogbó fi dé. Lọ́jọ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bí a ṣe ń ṣòfin ní Àbújá, ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní bàbá òun sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló ń fi rìbá ra òfin lọ́wọ́ àwọn sẹ́nétọ̀. Mi ò rí èsì fún un. Ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an?"

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ aráyé, tíṣà. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ náà pé bàbá rẹ̀ kò purọ́, àmọ́ ibi tó kéré jù nínú ọ̀rọ̀ náà ló ń wò. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka àbádòfin kí wọ́n tó di òfin, kí n sì máa wá ẹni tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ṣe láǹfààní. Ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ yìí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú agbára àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀ rárá. Inú òfin fúnra rẹ̀ ló wà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwèé, wọ́n fi òǹtẹ̀ ìjọba lù ú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti rìbá. Ní Bonny, ní ìpínlẹ̀ Rivers, ilé-iṣẹ́ mẹ́rin láti òkè òkun para pọ̀ láti gba kọngílá ibi tí wọ́n ti ń sọ gáàsì di olómi. KBR, tó wà lábẹ́ Halliburton ti Amẹ́ríkà nígbà náà, wà lára wọn. Kọngílá náà ju bílíọ̀nù 6 dọ́là lọ, rìbá tí wọ́n sì ṣètò fún àwọn aláṣẹ wa tó nǹkan bí mílíọ̀nù 180 dọ́là. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, KBR jẹ́wọ́ níwájú ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Mílíọ̀nù 579 dọ́là ni ìtanràn òun àti Halliburton, ọ̀gá àgbà KBR tẹ́lẹ̀, Albert Stanley, sì fẹ̀wọ̀n jura. Ní tiwa níbí, ìjọba fẹ̀sùn kan Halliburton ní 2010, ilé-iṣẹ́ náà sanwó, ìjọba sì fa ẹjọ́ náà yọ.

Ó burú, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n kí ni rìbá yẹn rà? Kọngílá ni. Bẹ́ẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ tú, torí pé ìwà ọ̀daràn ni, ó sì ní ẹni tó lè mú ọ̀daràn. Ẹ wá wo ohun tó wà ní Bonny kan náà yẹn tí ẹnikẹ́ni kò lè mú ẹnikẹ́ni sí.

Ọdún 1990, lábẹ́ ìjọba ológun Babangida, ni wọ́n ṣe òfin ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG. Nàìjíríà ní ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ilé-iṣẹ́ náà nípasẹ̀ NNPC. Shell ní 25.6, Total ní 15, Eni ti Ítálì ní 10.4. Òfin yẹn fún un ní ọdún mẹ́wàá tí kò ní san owó-orí lórí èrè. Ẹgbẹ́ ActionAid ṣe ìṣirò ní 2016 pé owó-orí tó ti ọ̀nà yìí bọ́ mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́ tó bílíọ̀nù 3.3 dọ́là. Gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ̀rọ̀ lórí owó-orí yìí. Èmi ò kà á sí bàbàrà. Ẹni tó fẹ́ ná ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là kí ọkọ̀ gáàsì àkọ́kọ́ tó kúrò ní èbúté (1999 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣí), nílùú tí sójà ti lè gbàjọba lóru, yóò béèrè ohun ìfọ̀kànbalẹ̀. Èmi náà ìbá béèrè.

Ohun tó ń dùn mí wà nísàlẹ̀ òfin náà, ní àfikún tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà dé. Níbẹ̀ ni ìjọba ti ṣèlérí pé òun kò ní fi àṣẹ tàbí òfin kankan dín àǹfààní ilé-iṣẹ́ náà kù. Ó tún ṣèlérí pé wọn kò ní bu owó kankan lé e lórí tí kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà ń san. Ẹ tún un kà. Ìjọba tí a kò dìbò yàn ti de ọwọ́ àwọn aṣòfin tí a kò tíì bí òmíràn nínú wọn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Ní 2013, àjọ NIMASA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi òkun ní kí NLNG wá san ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹrù ọkọ̀ rẹ̀, bí òfin àjọ náà ti wí. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n dí ọ̀nà omi Bonny, ọkọ̀ gáàsì kò rí ọ̀nà jáde. Ilé-iṣẹ́ náà san owó pẹ̀lú ìkùnsínú, ó sì forí lé ilé ẹjọ́. Ní 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó dá a láre pé kò yẹ kó san irú owó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi yọ̀ǹda owó-orí ti lọ nígbà yẹn, ìlérí inú àfikún kò bá a lọ. Èmi ò dá adájọ́ lẹ́bi. Ohun tó wà nínú ìwé ló kà síta.

Ọgbọ́n yìí sì ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Royal Niger Company tó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1886 ní kóòtù tirẹ̀, ó ní ọmọ ogun tirẹ̀, ó ń gba owó ibodè lórí odò Ọya. Ilé-iṣẹ́ ni ìjọba nígbà náà, kò sí pé ó ń rọ ìjọba. Nígbà tí wọ́n gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọdún 1900 bẹ̀rẹ̀, wọ́n san £865,000 fún un. Wọ́n tún fún un ní ìdajì owó tí ìjọba bá gbà lórí ohun àlùmọ́nì ní apá kan Àríwá, fún ọdún 99! £1 mílíọ̀nù ni wọ́n padà san fún UAC, tó jogún ẹ̀tọ́ náà, kí ọrùn ìjọba tó bọ́. Ẹ fi ti Bonny wé e. Àdéhùn tó gùn ju ẹ̀mí ẹni tó fọwọ́ sí i lọ ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé, sórí tábà.

Bàbá yín yóò rántí pé Nigerian Tobacco Company ni wọ́n ń gbin ewé fún tẹ́lẹ̀, kí British American Tobacco, tí a ń pè ní BAT, tó gbé e mì. Ní 2001, BAT àti ìjọba Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ilé-iṣẹ́ náà yóò kó mílíọ̀nù 150 dọ́là wá. Ní 2003, ilé-iṣẹ́ sìgá tuntun ṣílẹ̀kùn ní Ìbàdàn. Ọdún kejì tó tẹ̀ lé e, ìjọba kan náà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ìdíwọ́ tábà, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2005. Ẹsẹ 5.3 nínú àdéhùn yẹn sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀ pé kí ìjọba dáàbò bo ètò ìlera rẹ̀ lọ́wọ́ ìfẹ́ inú àwọn oníṣòwò tábà. Ọwọ́ ọ̀tún fọwọ́ sí ti ilé-iṣẹ́, ọwọ́ òsì fọwọ́ sí ti ìlera.

Ó yá, wọ́n gbé àbádòfin dìde. Sẹ́nétọ̀ Ọlọ́runnímbẹ̀ Mamora ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Wọ́n pe ìjíròrò ìta gbangba lé e lórí ní 2009, ilé méjèèjì buwọ́ lù ú ní 2011. Ó dé orí tábìlì ààrẹ, ó sùn síbẹ̀. Ààrẹ kò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ òmíràn, òun sì ni Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2015 nígbà tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní Aso Rock.

Òfin 2015 yìí ni kí ẹ kó fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n kà, torí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa gba mínísítà ìlera nímọ̀ràn lórí ìdíwọ́ tábà. Àwọn wo ló jókòó síbẹ̀? Àwọn elétò ìlera, kọ́sítọ́ọ̀mù, àwọn ẹgbẹ́ aráàlú, àti aṣojú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọjà jáde ní Nàìjíríà, èyí tí à ń pè ní MAN. Ta ni ọmọ ẹgbẹ́ MAN? BAT wà níbẹ̀. A ń pe ìpàdé bí a ó ṣe dẹ pańpẹ́, a wá fi àga kan sílẹ̀ fún ọ̀yà. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà lórí ọ̀rọ̀ tábà pariwo nígbà náà, àga náà kò kúrò.

Ìkejì tún wà, òun ló sì jọ mí lójú jù nítorí pé kò pariwo rárá. Lọ́pọ̀ òfin wa, bí òfin bá ti jáde, mínísítà a máa kọ ìlànà tó fi ń ṣiṣẹ́: bí ìkìlọ̀ yóò ṣe tóbi tó lára pákẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọn kò ti gbọ́dọ̀ mu sìgá, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú òfin tábà, wọ́n kọ ọ́ pé kí ìlànà mínísítà tún padà lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin kó tó lè múlẹ̀. Gbólóhùn kékeré kan. Ẹni tó bá kà á kíákíá yóò ní ohun rere ni, pé àwọn aṣojú wa ló ń ṣọ́ mínísítà. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé 2019 ni ìlànà náà tó jáde, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin tí sìgá fi ń tà. Òfin náà ní pákẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ dín sí igi 20, kí owó ọmọdé má baà ká a. Ẹ lọ sí ìsọ̀ tó sún mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yín lónìí kí ẹ béèrè igi kan.

Ṣé rìbá ni wọ́n fi gba àga yẹn àti gbólóhùn yẹn? Mi ò ní ẹ̀rí, mi ò sì ní sọ bẹ́ẹ̀. Kò dájú pé wọ́n nílò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ní lọ́yà mẹ́wàá yóò kọ ojú ìwé ọgọ́ta ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ, ó ti bá wọn kọ gbólóhùn tí wọ́n lè dà sínú àbádòfin bó ṣe wà. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí kò ní olùrànlọ́wọ́, tí iná mànàmáná ń ṣe ségesège lọ́dọ̀ rẹ̀, ti ta ni yóò gbọ́? Dókítà tó wá láti UCH sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì ti ń wá ọkọ̀ padà sí Ìbàdàn.

Shell tiẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nínú ìwé àṣírí aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà tó jáde lórí WikiLeaks ní 2010, Ann Pickard, tó jẹ́ ọ̀gá Shell ní apá ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, sọ fún aṣojú Amẹ́ríkà ní 2009 pé ìjọba Nàìjíríà ti gbàgbé pé Shell ní òṣìṣẹ́ tó yá gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn, àti pé nípa bẹ́ẹ̀ àwọn mọ gbogbo ohun tó ń lọ níbẹ̀. Ní àkókò kan náà ni àbádòfin epo rọ̀bì, tó kọ́kọ́ dé ilé ìgbìmọ̀ ní 2008, ń yí lórí omi. Ìjọba mẹ́ta ni ó bá pàdé. 2021 ni Buhari tó fọwọ́ sí i. Àwọn ará ìlú tí wọ́n ti ń wa epo béèrè ìdá 10, àwọn aṣojú-ṣòfin ní kí ó jẹ́ 5, àwọn sẹ́nétọ̀ ní 3. Mẹ́ta ló di òfin, ìyẹn ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé-iṣẹ́ ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá.

Ẹ ó bi mí pé bí ìjọba bá wá ta kú ńkọ́? Níbẹ̀ ni lẹ́tà ti ń dé.

Tógò ni ẹ jẹ́ kí a lọ. Ní ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ìjọba Lomé ń gbèrò pé kí gbogbo pákẹ́ẹ̀tì sìgá jẹ́ àwọ̀ kan náà, láìsí àmì ilé-iṣẹ́. Philip Morris, ilé-iṣẹ́ sìgá ńlá kan láti òkè òkun, kọ̀wé sí wọn pé bí wọ́n bá ṣe é, kí wọ́n múra sílẹ̀ fún ẹjọ́ ìṣòwò àgbáyé tí kò lóǹkà. Owó tí ilé-iṣẹ́ yẹn ń pa wọlé lọ́dún pọ̀ ju gbogbo ohun tí Tógò ń pèsè lọ lọ́nà ìlọ́po-ìlọ́po. Òfin náà kò jáde lọ́dún yẹn, kò jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sí ilé ẹjọ́ tó jókòó, kò sí adájọ́ tó sọ̀rọ̀. Lẹ́tà lásán.

Ẹ wá gbọ́ ti Uruguay, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ààrẹ wọn nígbà náà, Tabaré Vázquez, dókítà àrùn jẹjẹrẹ ni. Ó ní kí ìkìlọ̀ gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún pákẹ́ẹ̀tì, kí ilé-iṣẹ́ má sì máa fi àwọ̀ oríṣiríṣi tan ènìyàn pé sìgá kan fúyẹ́ ju èkejì. Ní 2010, Philip Morris pè wọ́n lẹ́jọ́. Kì í ṣe ní kóòtù Uruguay o. Àdéhùn ààbò okòwò wà láàárín Uruguay àti Switzerland, Switzerland ni ilé-iṣẹ́ náà sì fìdí kalẹ̀ sí nígbà náà. Lábẹ́ àdéhùn yẹn, ó gbé orílẹ̀-èdè odindi lọ síwájú onídàájọ́ mẹ́ta ní ibi ìlàjà tí Báńkì Àgbáyé dá sílẹ̀ ní Washington. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi fà á. Olówó Amẹ́ríkà kan, Michael Bloomberg, ràn Uruguay lọ́wọ́ nínú owó lọ́yà. Ní oṣù Keje 2016, Uruguay jàre, wọ́n sì ní kí Philip Morris san mílíọ̀nù 7 dọ́là lára ìnáwó wọn. Ọsirélíà náà ti jàre ní ìparí 2015: àwọn onídàájọ́ rí i pé ilé-iṣẹ́ náà sáré gbé ìní rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ka tó wà ní Hong Kong nígbà tó ti mọ̀ pé òfin ń bọ̀, kí ó lè rí àdéhùn tí yóò fi pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ẹ ò rí i pé bí ẹjọ́ bá dé ibi ìdájọ́, ilé-iṣẹ́ lè fìdí rẹmi. Ní Ùgáńdà, kóòtù dá ẹjọ́ BAT nù ní 2019. Ní Kẹ́ńyà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà. Síbẹ̀, kì í ṣe dandan kí ilé-iṣẹ́ jàre kí ó tó jèrè. Ọdún tí ẹjọ́ gbà, èrè ni. Orílẹ̀-èdè kékeré tó wo Uruguay láti òkèèrè, tí kò ní Bloomberg tirẹ̀, tó sì ká òfin rẹ̀ kò, èrè ni ìyẹn pẹ̀lú.

Ọ̀nà kan kù tó kan ìdílé yín gan-an. Nígbà tí Ùgáńdà ń ṣe òfin tábà tiwọn, dókítà kan tó jẹ́ aṣòfin, Chris Baryomunsi, ló gbé e wá. BAT kọ̀wé sí i pé nítorí àbádòfin yìí, àwọn kò ní ra tábà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè rẹ̀ mọ́. Àgbẹ̀ ni wọ́n fi di ohun ìjà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá dárúkọ àwọn ará Ọ̀kè-Ògùn ní Àbújá pé òfin yóò gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, iye tí wọ́n ń san lórí kílò ewé kan kì í sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Mi ò sọ pé kí bàbá yín kábàámọ̀ iṣẹ́ tó fi tọ́ yín. Ẹni tó ń gbẹnu sọ fún un láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ń bá wí.

Ṣé ti òkè òkun nìkan ni? Rárá. Àwọn olówó tiwa ń ṣe irú rẹ̀ nípa síménǹtì àti ìrẹsì, nígbà míì ó tilẹ̀ rọrùn fún wọn jù nítorí pé wọn kò nílò lẹ́tà, fóònù tó. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé oníṣòwò ilé kò lè gbé Nàìjíríà lọ sí Washington lábẹ́ àdéhùn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọwọ́ wa ń rọ: ní oṣù Kejìlá 2023, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà bu ìtanràn mílíọ̀nù 110 dọ́là fún BAT, lẹ́yìn ìwádìí ọdún mẹ́ta, torí bó ṣe ń fìyà jẹ àwọn alátajà tó bá fi sìgá ilé-iṣẹ́ míì sórí igbá bákan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lásán ló ṣe é, tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn.

Bí ọmọ yẹn bá wá béèrè pé kí ni òun lè ṣe, ẹ sọ fún un pé ìjíròrò ìta gbangba kò ní owó ìwọlé, àti pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìwé èrò ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin kó tó di ọjọ́ rẹ̀. Òfin òmìnira láti gba ìròyìn ti 2011 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé béèrè àwọn tó fi èrò ránṣẹ́ lórí àbádòfin kan àti ohun tí wọ́n kọ. Ọjọ́ méje ni iléeṣẹ́ ìjọba ní láti fèsì. Wọn kì í sábà fèsì lọ́jọ́ méje. Kí ó kọ òmíràn.

Fún kíláàsì yín, òfin tábà 2015 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò gùn, ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí wọ́n fo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọjá, kí wọ́n lọ tààrà síbi tí orúkọ àwọn tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ wà. Kí wọ́n kọ àga kọ̀ọ̀kan sójú pátákó, kí wọ́n sì kọ ẹni tó ń sanwó fún ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ síwájú rẹ̀.